MÁ ṢE SỌ ỌMỌ ÈNÌYÀN DI IWIN

KÀ: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 9:26-28
ÀKỌ́SÓRÍ: Hébérù 13:2

Nígbà tí Sọ́ọ̀lù dé Jerúsálẹ́mù lẹ́yìn tó ti pàdé Jésù, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ń bẹ̀rù rẹ̀ nítorí ohun tí wọ́n ti gbọ́ nípa rẹ̀. Bánábà ló mú un wọlé. Ká ní kò sí Bánábà ńkọ́?

Ní 1818, obìnrin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Mary Shelley, tẹ ìwé ìtàn àròsọ kan jáde tí wọ́n ṣì fi ń ṣe sinimá títí di òní. Frankenstein ni orúkọ rẹ̀. Onímọ̀ kan ṣẹ̀dá abàmì kan, ṣùgbọ́n nígbà tó rí bí ó ti burẹ́wà tó, ó sá fi í sílẹ̀, kò tilẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Abàmì yìí kò kọ́kọ́ ṣe ibi. Lóru, ó ń ṣẹ́ igi ìdáná fún ìdílé tálákà kan láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Nígbà tó wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba òun mọ́ra, baba àgbà tó fọ́jú bá a sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Ọmọ baba náà tó ríran wọlé dé, ó fi igi lù ú jáde. Ó yọ ọmọbìnrin kan nínú odò, ìbọn ni wọ́n fi san án fún un. Níkẹyìn, ó di apànìyàn lóòótọ́. A kò dá ìpànìyàn láre, ṣùgbọ́n wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀: ojú ni wọ́n wò, wọn kò wo ọkàn (1 Sámúẹ́lì 16:7).

Ìlú wa Ẹ̀pẹ́ ní ìtàn mìíràn. Ní oṣù Kejìlá 1851, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó. Òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Àlejò ni wọ́n, jagunjagun wà nínú wọn, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ Mùsùlùmí. Síbẹ̀, wọ́n rí ibi gbé. Nígbà tí Kòsọ́kọ́ padà s'Ékòó ní 1862, ọ̀pọ̀ kò bá a lọ mọ́. Ìgbépọ̀ náà kò fi gbogbo ìgbà rọrùn, ṣùgbọ́n títí di òní, Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ àti Èkó-Ẹ̀pẹ́ jọ ń ná ọjà kan náà ni.

Olùfẹ́, ta ni àdúgbò rẹ ń sá fún? Ṣé àfín ni? Ṣé àjèjì tí ẹ kò gbọ́ èdè rẹ̀ ni? Àbí ìyá arúgbó tó ń dá gbé, tí wọ́n ń pè ní àjẹ́? Ó dunni pé nínú ilé Ọlọ́run pàápàá la ti ń fún ènìyàn ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ní Akwa Ibom, wọ́n pe ọ̀pọ̀ ọmọdé ní àjẹ́, wọ́n sì lé wọn sí ìgboro, títí ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi ṣòfin lòdì sí i ní 2008. Ẹ̀mí òkùnkùn là ń bá jà, kì í ṣe ọmọ ènìyàn (Éfésù 6:12). Ọmọ tí a lé jáde lónìí lè jẹ́ Sọ́ọ̀lù tó ń wá Bánábà.

OHUN TÍ O MÁA ṢE LÓNÌÍ: Kí ẹnì kan tí àwọn ènìyàn máa ń yẹra fún. Béèrè orúkọ rẹ̀, kí o sì fi orúkọ náà pè é.

KÓKÓ ÀDÚRÀ
1. Baba, dárí jì mí níbi tí mo ti fi ìrísí tàbí àhesọ dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.
2. Olúwa, fún mi ní ọkàn Bánábà.
3. Gbogbo ẹni tí a ti lé jáde láìṣẹ̀, Olúwa, ṣí ilé àánú fún wọn, ní orúkọ Jésù. Àmín.