Àkọsílẹ̀ Ẹ̀kọ́: Gígé Fídíò Ṣáájú Yíya Fídíò

Iṣẹ́: Fíìmù ṣíṣe
Kíláàsì: Àgbà akẹ́kọ̀ọ́, kíláàsì ìrọ̀lẹ́
Orí-ọ̀rọ̀: Ẹ́díìtì, láti orí àwòrán aláró kan ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta
Àkókò: Wákàtí méjì

Ìfáàrà

Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí, kámẹ́rà ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. A ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ níbí. Ẹni tó bá ti jókòó gé fídíò rí, tó wá àwòrán ọwọ́ aláró tì nítorí pé kò sẹ́ni tó rántí yà á, kò ní gbàgbé ọwọ́ mọ́ lọ́jọ́ tó bá di pé òun gan-an ló gbé kámẹ́rà. Ẹ̀yìn la ó ti bẹ̀rẹ̀, ká tó wá síwájú.

Ìmọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ní

Àgbà kì í wọ kíláàsì yìí lọ́wọ́ òfo. Ìyá tó ti ta ọjà fún ogún ọdún mọ ìgbà tí oníbàárà ń purọ́ pé owó òun ò tó. Ojú oníbàárà náà ló ti ń rí i. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni olóòtú fíìmù fi ń mọ ibi tó yẹ kó gé. Ohun tí ọmọdé fi jù wá lọ ni ìka tó yára, ìyẹn á sì dé tó bá yá. Kúnlé Afọláyan, olùdarí fíìmù, ti ṣiṣẹ́ ní báńkì, ó sì ti kópa nínú *Ṣaworoidẹ* (1999), kó tó lọ jókòó ní New York Film Academy láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe fíìmù. Bàbá rẹ̀ Adé Love ti ṣe sinimá Yorùbá tipẹ́tipẹ́, síbẹ̀ ó lọ kọ́ṣẹ́.

Ohun èlò

Fóònù tó ń ya fídíò dáadáa, ẹsẹ̀ tí a ó gbé e lé, máìkì kékeré tí wọ́n ń fi há aṣọ, headphone, àti láptọ́ọ̀pù. DaVinci Resolve, tí a ó fi gé fídíò, ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́ tó tó fún gbogbo ohun tí a ó ṣe, àmọ́ láptọ́ọ̀pù tí kò lágbára á kàn máa mí hẹlẹhẹlẹ lábẹ́ rẹ̀ ni. Kdenlive náà ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí fóònù nìkan bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè lo CapCut. Kí ẹnikẹ́ni má ra kámẹ́rà ní sáà yìí. (Mo mọ̀ pé àwọn kan ò ní gbọ́.)

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ìṣirò díẹ̀

Àwòrán tó dúró sójú kan ni fídíò, tí wọ́n ń sáré tẹ̀lé ara wọn. Sinimá ń lo 24 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tẹlifíṣọ̀n tiwa ń lo 25, ti Amẹ́ríkà ń lo nǹkan bí 30. Ẹ mú 25, kí ẹ sì fi shutter sí 1/50, nítorí pé 50 hertz ni iná mànàmáná wa. Gílóòbù ò ní máa ṣẹ́jú nínú àwòrán yín. Ìṣẹ́jú kan jẹ́ àwòrán 1,500. Fíìmù oníṣẹ́jú 90 jẹ́ 135,000.

Tí fóònù bá ń ya fídíò ní mẹ́gábíìtì 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá, wákàtí kan á gba nǹkan bí gígábáìtì 22.5. Káàdì 64 ò ní gbà tó wákàtí mẹ́ta. Ẹ dà á sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́ lórí káàdì.

Ìgbésẹ̀ kejì: Gígé

Ibí yìí ni kí olùkọ́ ti lo àkókò jù.

Nínú fídíò tí a ó gé, aláró fa adìrẹ yọ nínú ìkòkò aró. Àwọ̀ ewé ni aṣọ náà ní bó ṣe jáde. Ó tẹ́ ẹ sórí okùn, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí i padà: ibi tí atẹ́gùn kọ́kọ́ kàn ló kọ́kọ́ dúdú, inú ìṣẹ́po aṣọ ṣì wà ní àwọ̀ ewé, títí gbogbo rẹ̀ fi di aró. Ìṣẹ́jú mélòó kan nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó máa jókòó wo okùn aṣọ tó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni láti sọ ọ́ di ìdajì ìṣẹ́jú, kí òǹwòran má sì fura.

Ẹni tó bá kàn gé àárín kúrò, tó so aṣọ àwọ̀ ewé mọ́ aṣọ aró lójú kan náà, á rí i pé àwòrán fò. Ó dà bí idán, aláró kì í sì í ṣe onídán. Ohun tó yẹ ni kí a fi nǹkan mìíràn sáàárín: aró tó ń kán láti ìka obìnrin náà, ọmọ tó jókòó sórí àpótí, ojú aláró fúnra rẹ̀. Tí a bá fi máa padà sórí aṣọ, àkókò ti lọ, kò sì sẹ́ni tó bèèrè bó ṣe lọ.

Ẹ wá wo ojú aláró yẹn dáadáa. Ẹ gbé e sẹ́yìn aṣọ àwọ̀ ewé: ó dà bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ẹ gbé ojú kan náà sẹ́yìn aṣọ tó ti di aró: ẹni tí iṣẹ́ dára lójú rẹ̀ ni. Lev Kuleshov, ará Rọ́ṣíà, ti fi irú èyí kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ó so ojú òṣèré kan mọ́ abọ́ ọbẹ̀ àti pósí. Nínú eré, ẹ ṣe é bó ṣe wù yín. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé èèyàn gidi la yà, tí a fi ẹ̀rín rẹ̀ síbi tí kò ti rẹ́rìn-ín, a ti pa irọ́ mọ́ ọn nìyẹn, bó ti wù kí gígé náà dán tó.

Níbo gan-an la ó ti gé? Walter Murch, tó gé *The English Patient* (1996), pín ohun tó yẹ ká wò ká tó gé ní ìdá ọgọ́rùn-ún: ó fún bí nǹkan ṣe rí lára òǹwòran ní 51, ìtàn ní 23, ìyókù pín èyí tó kù. Ẹ wo ọwọ́ aláró bó ṣe ń gòkè. Ẹ gé e nígbà tó dé agbede, kí àwòrán kejì parí ìgòkè náà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ohùn

Òǹwòran á forí jì àwòrán tó ṣókùnkùn díẹ̀. Ohùn tí kò gbọ́ ni kò ní forí jì. Ìtòkú sì rèé, ọ̀kadà níwájú, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn. Máìkì gbọ́dọ̀ wà ní àyà ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kí ibi tí ohùn ga jù máa wà láàárín dẹ́síbẹ́ẹ̀lì -12 àti -6. Tó bá kan 0, ó ti fọ́ nìyẹn, kò sì ní àtúnṣe. Kí a tó kúrò níbẹ̀, kí gbogbo èèyàn dákẹ́ fún ìdajì ìṣẹ́jú ká gba ariwo ibẹ̀ lásán. Òun la ó tẹ́ sábẹ́ gbogbo ibi tí a ti gé.

Ẹ jẹ́ kí ohùn aláró ṣáájú ojú rẹ̀ díẹ̀: à ń wo ìkòkò, à ń gbọ́ ọ, ká tó wá rí i. Ní ti orin, ẹ má mú rẹ́kọ́ọ̀dù olórin kankan láìgba àṣẹ. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti 2022 kò yọ akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Nígbà tí a bá wá lọ yà á

Ẹ pa auto white balance inú fóònù, èyí tó ń fúnra rẹ̀ yan àwọ̀. Tí aró bá kún ojú àwòrán, fóònù á rò pé ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀, á sì máa fọ aró náà ṣá. Lábẹ́ oòrùn, ẹ dì í mọ́ nǹkan bí 5600 Kelvin. Kí kámẹ́rà máa yà kí ọwọ́ tó mira, kó sì tún dúró díẹ̀ lẹ́yìn tí ọwọ́ bá ti kúrò.

Ìgbéléwọ̀n

1. Kí ló dé tí a fi yan 1/50 pẹ̀lú 25?
2. Dárúkọ àwòrán méjì tí ì bá bo ibi tí aṣọ ti fò.
3. Ìgbà wo ni àtúntò ojú aláró di irọ́?

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Ẹ wá oníṣẹ́ ọwọ́ kan ládùúgbò yín, télọ̀ ni o, onígbàjámọ̀ ni o. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó gbé fóònù sókè. Ẹ ya iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ gé e sí ìṣẹ́jú kan, láìsí orin, láìsí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Kí ẹ sì kọ gbogbo àwòrán tí ẹ yọ kúrò sínú ìwé, pẹ̀lú ìdí tí ẹ fi yọ ọ́. Ìwé yẹn la ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ká tó tan fídíò.