Gígun Alùpùpù ní Ìgbà Òtútù

Ní ọdún 1956, àwọn agun-alùpùpù ṣe àpèjọ kan ní ilẹ̀ Jámánì láàárín ìgbà òtútù. Àpèjọ náà, tí a ń pè ní Ìpàdé Erin, di àṣà títí di òní. Inú àgọ́ ni wọ́n ń sùn, bí yìnyín tilẹ̀ bo ilẹ̀. Ọgbọ́n wo ni wọ́n ń ta sí òtútù?

Wọ́n mọ̀ pé atẹ́gùn ni ọ̀tá wọn. Ara ènìyàn a máa mú afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká lọ́ wọ́ọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí alùpùpù ti ń sáré, bẹ́ẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbá ooru náà lọ. Bí òtútù bá wà ní òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí alùpùpù sì ń sá eré 80 kìlómítà ní wákàtí kan, lójú awọ tí a kò bò, bí ẹni pé òtútù ti fi ìwọ̀n 10 rẹlẹ̀ sí òdo ni.

Ọwọ́ ni ó kọ́kọ́ ń jìyà. Ìka tí ó ti kú kò lè tètè fa bíréèkì, ìdádúró díẹ̀ sì tó láti gba ẹ̀mí. Nítorí náà, wọn a wọ aṣọ lé aṣọ, wọn a fi aṣọ awọ bo gbogbo rẹ̀, wọn a sì wọ ìbọ̀wọ́ tí ó nípọn. Bí ìka kò bá mọ ohun tí ó dì mú mọ́, wọn a dúró láti yáná. Ẹni tí ó dúró yáná kì í ṣe ojo. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.