Ẹ Jẹ́ Kí Fluoride Dúró Lára Eyín Ọmọ

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ẹ ń bá àwọn ọmọ yín gbé ní Energy Corridor ní Houston níbí, ẹ ti rin pákò, ẹ sì ti lo búrọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó bí àwọn ọmọ-ọmọ tí ẹ ń múra ilé-ìwé fún. N kò ní kọ́ yín ní ẹnu fífọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí kì í yé àwọn kíláàsì tó ṣáájú yín la ó jókòó tì: èròjà inú ọṣẹ ìfọyín tí wọ́n ń pè ní fluoride kì í ṣe ohun tí a ń ṣàn dànù. Ó gbọ́dọ̀ dúró lára eyín.

Bí ọmọ bá lá súìtì tàbí tó mu júìsì, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí á jẹ nínú ṣúgà náà, wọ́n á sì sọ ọ́ di omi kíkan. Omi kíkan yìí ló ń jẹ eyín díẹ̀díẹ̀. Itọ́ máa ń dá lára ohun tí omi kíkan náà jẹ padà. Bí fluoride bá wà níbẹ̀, ojú ibẹ̀ á le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí kò bá sí níbẹ̀ ńkọ́? Kò lè ṣiṣẹ́ kankan.

Ṣùgbọ́n kí là ń ṣe? A ó fọ eyín ọmọ tán, a ó bu omi sí ife, a ó ní, “Ṣan ẹnu ẹ dáadáa. Tún un ṣàn!” Fluoride ti bá omi lọ. Ta ló ń fi òrí para tán tó tún padà sídìí omi? Kí ọmọ tu ọṣẹ dànù, kí ó má gbé e mì, kí ó má sì fi omi ṣan ẹnu. Mo tún un sọ: kí ó tu ú dànù, kí ó má fi omi ṣan ẹnu.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, ọṣẹ tí kò ju hóró ìrẹsì kan lọ ló tó o. Láti 3 sí 6, ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kékeré. Ọmọ kékeré tó bá ń gbé púpọ̀ mì, àmì funfun lè wà lára eyín àgbà rẹ̀. Eyín tó bá sì ti dá ihò, dókítà eyín ló ni ín.

Omi ẹ̀rọ náà ń fi fluoride kan eyín. Ní 1945, Grand Rapids ní Michigan di ìlú àkọ́kọ́ tó fi sí omi gbogbo ìlú. Lẹ́yìn ọdún 11, eyín jíjẹrà ti fi ohun tó ju ìdá 60 nínú 100 dín kù lẹ́nu àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀. Ní Texas tiwa, inú ilẹ̀ ni fluoride ti bá omi Hereford wá. Wọ́n ń pè é ní ìlú tí eyín kì í dunni. (Àsọdùn ni, àmọ́ ó nídìí.) Houston náà ń lò ó, mílígíráàmù 0.7 nínú lítà kan ni ìjọba àpapọ̀ dámọ̀ràn ní 2015. Omi inú ike tí ẹ ń rà, ọ̀pọ̀ wọn kò ní in.

Àwọn kan kò fẹ́ kí fluoride wà nínú omi ẹ̀rọ. Utah àti Florida fòfin dá a dúró ní 2025. Ẹni tó bá ní èrò, kí ó lọ sọ ọ́ ní ìpàdé ìlú. Kí ó má máa pín in kiri lórí WhatsApp.

Lọ́dọọdún, kó tó kọjá ọjọ́ kìíní oṣù keje, iléeṣẹ́ omi gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ rí ìwé tó sọ ohun tó wà nínú omi yín. Ẹ wá ọ̀rọ̀ náà “Fluoride” nínú rẹ̀ àti lára ọṣẹ ìfọyín ọmọ, kí ẹ fàlà sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì mú méjèèjì wá sí kíláàsì tó ń bọ̀.