Ọkàn Tó Ń Rọra Lù Lè Jẹ́ Ti Ẹni Tí Ebi Ń Pa

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka nǹkan kan. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ yín, ní ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò. Ẹ má fi àtàǹpàkò kà á o, torí òun náà ń lù. Iye tí ẹ bá kà ní ìṣẹ́jú kan gbáko ni bí ọkàn yín ṣe ń lù nígbà tí ẹ bá ń sinmi.

Láàárín 60 sí 100 ni àwọn dókítà ń retí. Ti eléré ìje lè wà ní 40 sí 60, torí ọkàn rẹ̀ lágbára débi pé ó ń ti ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tá a kà á ní kíláàsì Báyọ́lọ́jì, ẹnì kan nínú wa ní 48, inú rẹ̀ sì dùn. Àmọ́ kì í sáré, kì í gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń jẹun lóòjọ́, kó lè tẹ́ẹ́rẹ́. Ǹjẹ́ 48 tirẹ̀ àti ti eléré ìje jọra?

Wọ́n ti dán irú èyí wò rí. Ní November 1944, Ancel Keys bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà. Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, ebi sì ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní Yúróòpù. Ọ̀dọ́kùnrin 36 tí ara wọn dá ṣáṣá yọ̀ǹda ara wọn. Fún ọ̀sẹ̀ 24, wọ́n dín oúnjẹ wọn kù sí bí ìdajì. Bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara wọn ló lọ. Ọkàn wọn tó ń lù ní bíi 55 já wálẹ̀ sí bíi 35. Ṣé wọ́n wá di eléré ìje ni? Rárá o. Òtútù ń mú wọn, ó ń rẹ̀ wọ́n, gígun àtẹ̀gùn lásán di iṣẹ́ ńlá. Ìgbà tí wọ́n padà sídìí oúnjẹ ni ìlù ọkàn wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Tówó bá dín kù nílé, ìyá á dín ìnáwó kù. Ara náà mọ ọgbọ́n yìí. Tí oúnjẹ ò bá tó, á dín ooru kù, á dín ìlù ọkàn kù. Tó bá pẹ́, ọkàn fúnra rẹ̀, tó jẹ́ ẹran ara bíi ti apá, á bẹ̀rẹ̀ sí í fọn.

Oúnjẹ tí kò tó tún lè mú kí ọkàn sáré. Ẹni tí kì í rí ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹran tàbí ẹja jẹ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dín kù. Ọkàn á wá máa yára kí ìwọ̀nba tó kù lè yí ara ká. Àwọn kan sì ń fi obì tan ebi, obì kò sì wọ́n wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Káfínnì wà nínú obì bó ṣe wà nínú kọfí, ó sì lè mú kí àyà máa lù kìkìkì. Nítorí náà, iye nìkan ò tó. Ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ jẹ.

Ẹni tó bá fẹ́ fọn, kó béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ìkọ́kọrẹ́ tó lẹ́ja Ogun Waterside nínú kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni, ìwọ̀n la ó máa wò. Tí iye yín kò bá tó 50, tí ẹ kì í sì í ṣe eléré ìje, tàbí tí òòyì ń kọ́ yín tí ẹ bá dìde, ẹ sọ fún òbí tàbí olùkọ́, kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ tó dìde lórí ibùsùn, ẹ kà á. Ẹ kọ iye náà sílẹ̀, kí ẹ kọ ohun tí ẹ jẹ lánàá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.