Bí Onígbá Ṣe Pe Igbá Rẹ̀

Bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni ayé ń bá a pè é. Bí ó bá pè é ní pàǹkàrà, wọn a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọn a fi kó ilẹ̀. Àwọn àgbà kò sọ pé igbá náà gbọ́dọ̀ jẹ́ igbá olówó ńlá. Wọn kò sì ní kí onígbá gbé e yí ọjà ká, kí ó máa bi èrò léèrè bóyá igbá òun dára. Ẹnu ẹni tó ni ín ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwa ọmọ Àkókó ni mo ń bá wí, pàápàá àwa tí a ti Ògbàgì jáde lọ wá oúnjẹ òòjọ́ ní Èkó àti Ìbàdàn. Kí àlejò tó fọwọ́ kan igbá wa, àwa fúnra wa ti pè é ní pàǹkàrà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ohùn ẹnu. Ọmọ Ògbàgì kan wà ní ọ́fíìsì ní Ìkẹjà, fóònù rẹ̀ dún, ó rí i pé ìyá òun ni. Yóò dìde, yóò jáde, yóò lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ kí ó tó gbé e sétí. Ariwo yẹn ni kò ní jẹ́ kí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbọ́ ohùn ilé lẹ́nu rẹ̀. Ìyá ń pariwo láti Ògbàgì pé òun kò gbọ́ nǹkan kan; ọmọ ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Kí ló jí? Kò jalè, kò gbowó olówó. Ó kàn ń bẹ̀rù kí wọ́n má baà ní, "Ará òkè, kí lò ń sọ yẹn?"

Ta ló wá fi ohùn kan ṣe òṣùwọ̀n fún ohùn yòókù? Ìtàn ló ṣe é, kì í ṣe Elédùmarè. Ní 1821 ni àwọn akónilẹ́rú wọ Òṣogùn, tí wọ́n sì mú ọmọ kan tó ń jẹ́ Àjàyí lọ. Lọ́dún kejì, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, ó bá ara rẹ̀ ní Sàró, ó kàwé níbẹ̀, ó sì di Samuel Ajayi Crowther. Ní 1843 ló tẹ ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde, nígbà tó sì di 1884 odindi Bíbélì ti wà ní èdè wa. Ohùn Ọ̀yọ́ tó bá a láti ilé ni igi lẹ́yìn ọgbà iṣẹ́ náà. Ṣọ́ọ̀ṣì fi kàwé, ilé ìwé fi kọ́ ọmọ, gbogbo wa sì bá a lọ. Iṣẹ́ ńlá ni, òun ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ ń kà yìí, n kò sì ní bá Bíṣọ́ọ̀bù Crowther jà. Ṣùgbọ́n ká ní ọmọ Ògbàgì ni wọ́n kó lọ ní 1821, tí òun náà dé Sàró, tó kàwé, tó sì túmọ̀ Bíbélì, ará Ọ̀yọ́ ni ì bá máa lọ dá ìyá rẹ̀ lóhùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ lónìí.

Àkókó kò tilẹ̀ fìgbà kan fi ohùn kan ṣoṣo gbé ilé ayé. Ọkọ̀ tó bá ti Ìkàrẹ́ ń bọ̀ ní Ògbàgì yóò gba Àrìgìdì kọjá, níbi tí èdè ti yàtọ̀ débi pé àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kì í kà á mọ́ àwọn ẹ̀ka èdè Yorùbá. Síbẹ̀ wọ́n ń ra iṣu lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń fẹ́ ọmọ ara wọn. Nígbà tí àwọn Núpé ń kó Àkókó lẹ́rú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí àwọn baba wa ń sá gun orí àpáta, ohun tó wúwo ni wọ́n jù sílẹ̀. Èdè kò sí nínú rẹ̀. Ẹ̀rín ẹlẹgbẹ́ ní ọ́fíìsì ni àwa rí tí a fi fẹ́ jù ú.

Ibi tí ó sì ti ń dùn mí ni ti àwọn ọmọ. Ìyá àgbà bá ọkọ̀ dé Èkó pẹ̀lú iṣu àti ẹ̀gúsí, ó kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ti ń kí ọmọ nílé, ọmọ ń wojú ìyá tirẹ̀ pé kí ni màmá ń wí. Ìyá àgbà di àlejò nínú ilé ọmọ tó bí.

Ti owó náà ń bẹ, èyí tí a ń ná kí ayé lè yìn wá. Olóyè Ebenezer Obey ti fi ìtàn baba, ọmọ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kọrin láti 1973, pé kò sí ọgbọ́n tí a dá tí a fi lè tẹ́ ayé lọ́rùn. Títí dòní wọ́n ń kọ ọ́ lóde àríyá. Ẹ wá wo àwọn tó ń jó sí i: gèlè orí, àwìn ni; léèsì ara, owó alájẹṣẹ́kù ni wọ́n yá fi rà á. Ẹlòmíì sì ń bẹ tó kọ́ ilé alájà sí ìlú nítorí ẹnu ará ìlú, tí òun fúnra rẹ̀ ń san owó háyà yàrá kan ní Agége. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Àwọn tó ń tìtorí wọn kọ́lé náà ti wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní fèrèsé rẹ̀ kéré.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ní, ṣebí Yorùbá ló ní èèyàn laṣọ. Òótọ́ ni. Ẹni tó ní òun kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni, àfojúdi ló ń ṣe, kò tíì gba ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn tó jẹ́ aṣọ fún ni kì í pọ̀, a sì máa ń mọ̀ wọ́n. Àwọn ni wọ́n máa mọ̀ bí ara wa kò bá yá, àwọn ni a lè yá lówó lọ́wọ́ wọn tí ìlú kò ní gbọ́, àwọn náà ló ń sọ òótọ́ lójú ẹni. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní ìwà yín kù díẹ̀ káàtó, ẹ jókòó, ẹ gbọ́. Bí ó bá ní ohùn yín kò dùn, ẹ rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó bá sì pè yín ní ará òkè, ẹ má jà. Ẹ ní, "Òótọ́ ni, Ògbàgì ni, Àkókó. Ibo nilé tiyín?" Mo ti bi ọ̀pọ̀ nínú wọn bẹ́ẹ̀. Ẹ ó rí i pé àwọn náà ń fi ohùn ilé tiwọn pamọ́.

Ẹ bá àwọn ọmọ yín sọ̀rọ̀ ilé nígbà tí ẹ bá ń wẹ̀ fún wọn, nígbà tí ẹ bá ń bá wọn wí. Nígbà tí Kérésìmesì bá sì ń bọ̀, tí wọ́n bá gbé àǹkárá ẹbí dé, ẹ kọ́kọ́ lọ san owó ilé ìwé. Bí owó bá ṣẹ́kù, ẹ rà á. Bí kò bá ṣẹ́kù, ẹ wọ ti èṣí lọ sóde àríyá, kí ẹ sì jẹun dáadáa. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ ní èmi ni mo ní kí ẹ má rà á.