Kí Ara Rọ Okùn, Kí Ara Rọ Adìyẹ

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, àmọ́ ọjọ́ ìdána ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan n'Íbàdàn ló tó wọ̀ mí lára. Alága ní kí àwa ìdílé ọkọ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna wa, a sì nà gbalaja. Nínà kò nira. Dídìde ni wàhálà. Orúnkún kọ̀, ẹ̀yìn gan, ọwọ́ tí mo fi tilẹ̀ ń gbọ̀n, àfìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ méjì gbá mi lápá mú. Mi ò tíì pé ẹni ọdún 55 lọ́jọ́ náà. Bàbá ẹni ọdún 71 tó dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti dìde fúnra wọn, wọ́n ti gbọn eruku dànù lára agbádá.

Mo tọ̀ wọ́n lọ lẹ́yìn oúnjẹ. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń lò?" Wọ́n ní àwọn ò lo nǹkan kan. Wọ́n ní oko làwọn ń lọ, orí àpótí làwọn ń jókòó sí nílé, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ làwọn sì ń sùn sí bí ooru bá mú. Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn títí mo fi délé.

Ẹ wo bí ọjọ́ tèmi ṣe máa ń rí nígbà náà: láti orí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí àga oúnjẹ, ó di inú mọ́tò, inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, orí àga ọ́fíìsì, padà sínú mọ́tò, ó tún di orí àga onítìmùtìmù níwájú tẹlifíṣọ̀n. Orí ìjókòó ni mo ń bà lé bí adìyẹ. Ohun rírọ̀ tó bo orí eegun níbi oríkèé kò sì ní ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Omi inú oríkèé ló ń bọ́ ọ, ìgbà tí a bá ń ká oríkèé tí a ń nà án ni oúnjẹ yìí ń wọ̀ ọ́ dáadáa. Iṣan náà, láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lọ, díẹ̀díẹ̀ ló ń yọ́ lára ẹni tí kò lò ó. Ìgbálẹ̀ ọwọ́ ìyá mi, ìkúnlẹ̀ òwúrọ̀, ìdọ̀bálẹ̀ fún àgbà, ìjókòó lórí àpótí nídìí ààrò, gbogbo rẹ̀ ni eré ìmárale tí ẹnikẹ́ni ò pè bẹ́ẹ̀. Mi ò ní ká padà sídìí ọlọ o. Ọlọ àti odó fa ẹ̀yìn ríro fún ọ̀pọ̀ ìyá wa, mo sì dúpẹ́ pé ẹ̀rọ ìlọta dé. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ àti ìdìde tó bá iṣẹ́ wọ̀nyẹn lọ, àwa fúnra wa la gbọ́dọ̀ wá ibi tá a ó ti rí i padà.

Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Àga igi kan ní yàrá ìdáná ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo gbé e ti ògiri kó má baà yọ̀, mo jókòó, mo ká ọwọ́ méjèèjì lé àyà, mo sì ń dìde dúró gbọnrangandan, mo ń jókòó padà, láì fọwọ́ ti nǹkan kan. Ẹ lè fi èyí dán ara yín wò: kí ẹnìkan fi fóònù ka ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ sì ka iye ìgbà tí ẹ bá dìde. Lójú àwọn oníṣègùn tó ń lo ìdánwò yìí, ọkùnrin ẹni ọdún 60 sí 64 tí kò bá lè ṣe tó 14, tàbí obìnrin ọjọ́ orí kan náà tí kò tó 12, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń rẹ̀yìn, ó sì sún mọ́ ẹni tó lè ṣubú. Èmi tí mi ò tíì tó ọjọ́ orí yẹn, 9 ni mo ṣe. Mo kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà.

Lẹ́yìn àga ni ògiri. Ẹ dúró ní ìwọ̀n apá kan sí ògiri, ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí i, ẹ rọra tẹ ìgúnpá títí imú yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri, kẹ́ ẹ sì ti ara yín padà. Ìgbà mẹ́wàá tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó tẹ́ ẹní sílẹ̀ láti tún ìdọ̀bálẹ̀ kọ́: ọwọ́ kan lórí àga, orúnkún kan dé ilẹ̀, èkejì tẹ̀ lé e, ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, àyà sílẹ̀. Ọ̀nà tí mo gbà sọ̀kalẹ̀ ni mo gbà dìde. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lè ṣe lóòjọ́, mi ò sì fipá mú un. Bí ẹ bá ń na iṣan ẹ̀yìn itan tàbí ti ojúgun, ẹ nà án débi tó ti ń fà, ẹ dúró síbẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ máa mí. Ẹ má ṣe máa jan ara mọ́ ọn. Iṣan tí a fà lójijì lè ya.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àgbàlagbà tó ṣubú ní balùwẹ̀ tí eegun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́ lè má rin ìrìn tó ń rìn tẹ́lẹ̀ mọ́. Nítorí náà, bí omi bá ń hó lórí iná, mo máa ń dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ìka kan lára tábìlì. Ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2020 ni pé kí àgbàlagbà máa lo ara níwọ̀n tí èémí á fi yá díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, kó fi ìdárayá tó ń ró iṣan lágbára kún un lọ́jọ́ méjì ó kéré tán. Kí ẹni tó bá ti pé 65 sì ṣe ti ìdúróṣinṣin lọ́jọ́ mẹ́ta. Ẹ fi ọjọ́ márùn-ún pín 150: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ yíká àdúgbò ti tó o.

Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni sá fún àmàlà. Ipò ni mo pààrọ̀ nínú abọ́: ẹ̀fọ́ tó ti ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí àlejò wá gba ìdajì, òkèlè dín kù sí ìwọ̀n ìkúùkù mi, ẹja tàbí ẹ̀wà gba ìyókù. Inú ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja ni ara ti ń rí ohun tó fi ń tún iṣan mọ, nítorí náà mọ́ínmọ́ín lówùúrọ̀ sàn fún mi ju búrẹ́dì funfun lọ. Iyọ̀ kò yẹ kó ju gíráàmù 5 lọ lóòjọ́, nǹkan bí ṣíbí tíì kan, èyí tó wà nínú mágì sì wà nínú ìṣirò náà. Ní ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ṣúgà inú ìgò kan ṣoṣo lè tó ṣíbí tíì mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ kó di ti ọjọ́ ọdún. Èyí tó ń dùn mí jù ni tíì tí wọ́n ń polówó pé ó ń fa ikùn wọlé: ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìgbẹ́ ni wọ́n kàn ń mú kéèyàn yà, omi ara ló ń bá a lọ, ọ̀rá ṣì wà níbi tó wà. Owó ẹ̀fọ́ ọ̀sẹ̀ kan wà nínú owó páálí kan.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ẹ lọ yẹ ìfúnpá yín wò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, pàápàá ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, àìsàn ọkàn tàbí orúnkún tó wú. Bí àyà bá dùn yín tàbí òòyì kọ́ yín nídìí ìdárayá, ẹ jókòó, kẹ́ ẹ sì wá dókítà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Oṣù kẹrin lẹ́yìn ìdána yẹn, mo lọ kí bàbá nílé wọn. 15 ló wà lára kàlẹ́ńdà mi lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, orúnkún òsì ṣì ń dún bí mo bá ń sọ̀kalẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, mo dìde. Wọ́n wò mí, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n fa àpótí kan sún mọ́ tiwọn.