Agbára àti Ìrọ̀rùn: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Yíyan Alùpùpù Ìrìn-Àjò ní Ilẹ̀ Okun

1. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ọ̀rọ̀ méjì tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ti bá ẹni tó ń ra alùpùpù dé ìsọ̀ rí: agbára àti ìrọ̀rùn. Ní Kàbà àti jákèjádò ilẹ̀ Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Òwòrò, alùpùpù ni ọ̀pọ̀ olùkọ́, àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ ìlera fi ń rin ọ̀nà jíjìn. Ẹni tó bá ti Kàbà lọ sí Lọ́kọ́ja yóò rin nǹkan bí 80 kìlómítà, yóò sì máa pàdé àwọn ọkọ̀ ńláńlá tó ń kó sìmẹ́ńtì láti Ọbájánà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ra ohun ìṣeré. Bí ó bá béèrè èyí tó dára jù, ìdáhùn tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, ‘Èyí lágbára.’ Èrò tiwa ni pé gbólóhùn yìí kò ní ìtumọ̀ kan pàtó, àti pé bí a kò bá tú u palẹ̀, a kò lè fi èdè Yorùbá kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ti ń fi agbára wé ìrọ̀rùn.

Alùpùpù jẹ́ orúkọ tí a fi ìró sọ: ohun tí ń lu pùpù. Ọ̀kadà ní tirẹ̀ wá láti ara Okada Air, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Gabriel Igbinedion tí a dá sílẹ̀ ní 1983. Nítorí pé alùpùpù ń yára kọjá láàrin súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni àwọn èrò ṣe fi orúkọ ọkọ̀ òfurufú pè é. Ìró àti eré ni àwọn orúkọ wọ̀nyí gbé jáde. Kò sí èyí tó mẹ́nu ba ara ẹni tó jókòó lé e. Ní ti irú alùpùpù tí a ń sọ, alùpùpù ìrìn-àjò ni a ó máa pè é. A kò fi ‘afẹ́’ kún un, gẹ́gẹ́ bí àwọn ògbufọ̀ kan ti ń ṣe, nítorí pé nọ́ọ̀sì tó ń gun alùpùpù lọ sí abúlé lọ gún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára kò bá ti afẹ́ lọ.

2. Ní ojú ẹni tó ń tà, ẹ̀rí agbára ni iye tí a kọ sí ara ẹ́ńjìnnì: 100, 125, 150. Iye yìí kì í ṣe agbára rárá. Ìwọ̀n àyè tí písítìn ń gbá kọjá nínú sìlíńdà ni, tí a fi cc kà. A dábàá ìwọ̀n-ikùn fún un. Àǹfààní ọ̀rọ̀ yìí ni pé kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ ọ tí yóò rò pé ohun kan náà ni ikùn ńlá àti agbára. Suzuki AX100, tí irú rẹ̀ tí Jincheng ń ṣe ní Ṣáínà gba ìlú kan, ní ìwọ̀n-ikùn 98 cc, ẹ̀ẹ̀kan ló sì ń jó epo nínú yíyípo kọ̀ọ̀kan. Honda CG125, tó jáde ní 1976, ní 124 cc, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan nínú yíyípo méjì ni òun ń jó o. Ẹni tó bá fi 98 wé 124 nìkan kò tíì fi agbára wé agbára.

Nínú ìmọ̀ físíìsì, ipá ni ohun tí ń ti nǹkan tàbí tí ń fà á. Okun ni ohun tí a fi ń ṣe iṣẹ́, irú èyí tó fara sin sínú epo kí a tó jó o. (Orúkọ àwọn ènìyàn Okun kò ti ibí yìí wá o, inú ìkíni wọn ló ti wá.) Agbára sì ni iye iṣẹ́ tí a ṣe láàrin àkókò kan. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, agbára ni a ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibẹ̀ sì ni ìdàrúdàpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ku ẹ̀kẹrin, èyí tí a dábàá ipá-ìyí fún: ipá tí ń yí kíránkì po. Bí a bá fi ìyára yíyípo sọ ipá-ìyí di púpọ̀, agbára ni a ó rí. Fún àpẹẹrẹ, bí ipá-ìyí bá jẹ́ níútìn-mítà 12, tí kíránkì sì ń yí po ní ìgbà 5,000 ní ìṣẹ́jú kan, agbára tó ń jáde jẹ́ wọ́ọ̀tì 6,283. Bí yíyípo bá dín sí 2,500 tí ipá-ìyí kò sì yí padà, agbára ti di ìdajì, síbẹ̀ bí gíà bá jẹ́ ọ̀kan náà, fífà tí ẹni tó gùn ún ń mọ̀ lábẹ́ rẹ̀ kò dín. Nítorí náà, ohun tí ẹni tó ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù ń yìn ní agbára, ipá-ìyí ni.

Wọ́ọ̀tì 746 ni agbára-ẹṣin kan. Orúkọ yìí ti wọ èdè wa, a kò sì ní kí a lé e jáde, ṣùgbọ́n ó yẹ kí olùkọ́ mọ àléébù rẹ̀. Ẹṣin tó ń fi fífà ṣiṣẹ́ ni James Watt fi ṣe òṣùwọ̀n. Ní ọ̀dọ̀ Yorùbá, ohun eré àti ohun ọlá ni ẹṣin. Ní ilẹ̀ Okun ọ̀rọ̀ náà tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹṣin ni àwọn jagunjagun Nupe láti Bídà ń gùn wá kó àwọn ènìyàn lẹ́rú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, títí di 1897, orí òkè olókùúta tí ẹṣin kò lè gùn sì ni àwọn ará ìlú ń sá lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́ agbára-ẹṣin yóò ro eré. Kò ní í ro fífà, áḿbọ̀sìbọ́sí gígun òkè.

3. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan. Kí a sọ pé alùpùpù, ẹni méjì àti àpò iṣu kan wúwo tó kìlógíráàmù 300 lápapọ̀, tí òkè sì ń ga ní mítà kan nínú mítà 10 kọ̀ọ̀kan. Ipá tí yóò gbé wọn sókè jẹ́ nǹkan bí níútìn 294. Ní ìyára kìlómítà 36 ní wákàtí kan, tí í ṣe mítà 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá, agbára tí gígun òkè náà ń gbà jẹ́ wọ́ọ̀tì 2,940, tí kò tilẹ̀ pé agbára-ẹṣin mẹ́rin. Bajaj Boxer tí ìwọ̀n-ikùn rẹ̀ jẹ́ 144.8 cc ní nǹkan bí agbára-ẹṣin 12. Bí wọ́n bá fẹ́ gun òkè kan náà ní kìlómítà 72, agbára tí a nílò di ìlọ́po méjì, atẹ́gùn tí a ń dojú kọ yóò sì tún fi tirẹ̀ kún un. Òkè kò yí padà, ẹrù kò yí padà. Ìyára ló ń béèrè agbára sí i.

4. Ìrọ̀rùn ṣòro ju agbára lọ. Ìtura ni ohun tí ń tẹ̀lé ìnira: ẹni tí nǹkan kò ni lára kò lè rí i. Ìdẹ̀ra sún mọ́ ọlà. Ìgbádùn sì jẹ́ ti ọkàn. Ìrọ̀rùn ni a yàn, nítorí pé a lè sọ pé ìjókòó kan rọrùn láìjẹ́ pé à ń yin olówó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gbé òṣùwọ̀n lé e yóò rí i pé ìnira ni ó ṣeé wọ̀n, kì í ṣe ìrọ̀rùn. Gbígbọ̀n sókè-sódò tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin sí mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú-àáyá ló ń ni ara ẹni tó jókòó lára jù. Bí gegele bá tẹ̀ léra wọn lójú ọ̀nà ní mítà méjì-méjì, alùpùpù tó ń sáré kìlómítà 36 ní wákàtí kan yóò kan márùn-ún ní ìṣẹ́jú-àáyá: ó ti bọ́ sí àárín ìnira náà gan-an. Bí ó bá dín eré sí 20, kò ní í kan tó mẹ́ta.

Àwọn ọlọ́kadà mọ ọgbọ́n mìíràn: bí wọ́n bá sáré sí i, gbígbọ̀n náà yóò kọjá ààlà yẹn, ara yóò sì fúyẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n taya tó ń fò láti orí gegele dé orí gegele kò fi bẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀ mọ́, bíréèkì kò sì lè mú ohun tí kò kan ilẹ̀. Ẹni tó fi agbára ra irú ìrọ̀rùn bẹ́ẹ̀ ti fi ẹ̀mí rẹ̀ dúró.

Ìdájọ́ tiwa ni pé, bí ipá-ìyí bá ti tó fún òkè àti ẹrù, orí ṣọ́ọ̀kì, ìjókòó àti taya ni ó yẹ kí owó tó kù lọ. Kì í ṣe ibi gbogbo ni ìdájọ́ yìí bá mu. Honda Gold Wing, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1975 pẹ̀lú ìwọ̀n-ikùn 999 cc, tó sì di 1,832 cc ní 2001, fi hàn pé agbára àti ìrọ̀rùn lè jọ gbé inú ẹ̀rọ kan lórí ọ̀nà ọ̀dà tó tẹ́jú ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ náà wúwo ju kìlógíráàmù 350 lọ. Bí ó bá ṣubú ní ọ̀nà oko kan ní Bùnú, mélòó ni yóò gbé e dìde?

5. Ọ̀nà tí Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 là sílẹ̀ fún ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ ṣeé tọ̀ níhìn-ín: ọ̀rọ̀ kan fún èrò kan. Kí àwọn ògbufọ̀ fi gbólóhùn méjì yìí wéra:

(1) Alùpùpù yìí lágbára, ó sì rọrùn.

(2) Ìwọ̀n-ikùn alùpùpù yìí jẹ́ 125 cc. Ipá-ìyí rẹ̀ tó láti gbé ẹni méjì gun òkè ní gíà kejì. Ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ kò dín gbígbọ̀n kù tó fún ìrìn tó bá ju wákàtí kan lọ.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣàròyé pé (2) gùn jù. Ó gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kówó jọ láti ra alùpùpù yóò kà á tán.